Ẹsẹ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò Kẹ́ Ẹ Tó Tẹ́ Máàtì Pilates

Ìbéèrè: Àǹtí Fisio, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 64 ni mí, Kubwa ni mò ń gbé, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Tí mo bá jí láàárọ̀ tí mo fẹsẹ̀ kanlẹ̀, gìgísẹ̀ ọ̀tún á dùn mí débi pé mo ní láti di bẹ́ẹ̀dì mú, tó bá yá á lọ. Ọyẹ́ sì tún ti la ẹsẹ̀ mi. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ní kí n máa ṣe eré ìdárayá kan tí wọ́n ń pè ní Pilates, ó fi fídíò ránṣẹ́, àmọ́ àwọn ọmọge inú ẹ̀ ń ká ara wọn bí ẹní. Ṣé irú èmi náà lè ṣe é? Màmá Kubwa.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọyẹ́ o, Màmá. Ẹ lè ṣe é dáadáa, àmọ́ ẹ gbé fídíò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Ohun tí mo máa ń bá àwọn ìyá wa jà lé lórí nìyí: wọ́n á ní orúnkún ń dun àwọn, ìbàdí ń dun àwọn, wọ́n á ra oògùn ara ríro, kò sẹ́ni tó máa bọ́ bàtà kó wo ẹsẹ̀. Egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ ìka, oríkèé ẹ̀ lé ní 30, iṣan sì kún ibẹ̀, iṣan tí ò bá sì ṣiṣẹ́ á rọ ni. Tó bá ti wá rọ, orúnkún á máa ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ mọ́ tiẹ̀, ìbàdí náà á dá sí i, ibẹ̀ lèèyàn á ti máa fẹsẹ̀ kọ lórí táìlì tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é.

Gìgísẹ̀ tó ń dùn ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn, ó jọ pé iṣan pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ni wàhálà dé bá, ó wọ́pọ̀ gan-an. Kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹn wá sọ́dọ̀ ara yín, ẹ kà dé 30, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Tẹ́ ẹ bá dìde, ẹ dojú kọ ògiri, ẹ gbọ́wọ́ lé e, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn wà lẹ́yìn, gìgísẹ̀ ẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ o, ẹ wá tẹ orúnkún iwájú títí ẹran ẹ̀yìn ojúgun á fi máa fà. Ẹ tún lè ki ike omi bọ fíríìsà kó dì (tí wọ́n bá mú iná wá), kẹ́ ẹ máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i síwá sẹ́yìn lórí ìjókòó. Kì í lọ lọ́jọ́ kan, ó lè gba oṣù mélòó kan, ẹ má jẹ́ kó sú yín, ẹ má sì fẹsẹ̀ lásán rìn káàkiri pálọ̀ mọ́.

Ti ẹsẹ̀ tó là, ọyẹ́ Òkè Ọya yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ilé wa rárá. Tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán lálẹ́, kí ara ó tó gbẹ tán, ẹ fi òrí tàbí fasilíìnì pa gìgísẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ wọ sọ́ọ̀kì sùn, tí ò bá gbọ́, ẹ ra ìpara tó ní urea nínú lọ́wọ́ àwọn kẹ́mísìtì. Ẹ má pa á sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ o, ibẹ̀ ò fẹ́ ọ̀rinrin. Òkúta ìha-ẹsẹ̀ dáa, bíléèdì ò dáa.

Ó wá ku Pilates. Ta ló ní ti ọmọge ni? Ọkùnrin ló dá a sílẹ̀, Joseph Pilates, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí lọ́dún 1883. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà, wọ́n kó òun àtàwọn ọmọ Jámánì yòókù sí àgọ́, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn tí wọ́n jọ wà ní eré ìdárayá yìí, ìgbà tó yá ló lọ ṣí ibi iṣẹ́ ẹ̀ sí New York. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ fún àgbàlagbà ni pé ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ lórí máṣíìnì ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Reformer: wàá dùbúlẹ̀ gbalaja, wàá fi gìgísẹ̀ ti irin, wàá tún fi iwájú ẹsẹ̀ tì í. Ẹ ò nílò máṣíìnì nílé ṣá. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ dúró níwájú sínkì kíṣìnì, ẹ fọwọ́ kan án, ẹ wá wá ibi mẹ́ta lábẹ́ ẹsẹ̀ yín: ìdí àtàǹpàkò, ìdí ọmọ ìka tó kéré jù, àti gìgísẹ̀. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa kanlẹ̀. Ẹ gbé àtàǹpàkò nìkan sókè kí mẹ́rin tó kù má kúrò nílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ gbé mẹ́rin yẹn kí àtàǹpàkò jókòó síbẹ̀. Kò ní gbọ́ràn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa bá a fà á. Ẹ wá rọra gòkè lórí ọmọ ìka, kẹ́ ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, sísọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ lọ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ẹ tẹ orúnkún méjèèjì, ẹ mí síta, ẹ gbé ìdí kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ibi mẹ́ta yẹn ṣì kanlẹ̀. Ẹ má sé èémí mọ́ra, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí ẹni ọdún 65 sókè máa ṣe eré ìdárayá tó ń fún ara lágbára tó sì ń jẹ́ kéèyàn dúró dáadáa, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin náà ti fẹ́ wọ ibẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, Kàdúná ni mo wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo ní ṣúgà. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì máa ń kú, nígbà míì sílípáàsì á bọ́ n ò ní mọ̀. Ìyàwó mi máa ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ rẹ ẹ́, mai yankan farce ló sì ń bá mi gé èékánná. Ṣé Pilates á jẹ́ kí n lókun sí i? Alhaji.

Ìdáhùn: Alhaji, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá omi gbígbóná yẹn dúró lónìí. Ẹsẹ̀ tí ò mọ̀ pé sílípáàsì bọ́, ṣé ó máa mọ̀ pé omi ti ń bó òun? Àwọn mai yankan farce tó ń lu àlùmọ́gàjí kiri àdúgbò yìí, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, mi ò bá wọn jà, àmọ́ irin kan náà ni wọ́n fi ń gé ti gbogbo èèyàn, tó bá sì fi bíléèdì fá awọ tó yi lábẹ́ ẹsẹ̀ yín tó lọ jìn jù, ẹ ò ní mọ̀ títí ojú egbò á fi jẹrà. Ẹ ra nélì kọ́tà tiyín, kí Alhaja máa gé e gbọọrọ, kó má gé e wọnú ẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ṣe àlùwàlá ìgbà márùn-ún lójúmọ́, àǹfààní ńlá lẹ ní, torí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lojú yín ń kan ẹsẹ̀ yín. Ẹ máa wò ó nígbà yẹn: ṣé awọ yí àwọ̀ padà, ṣé nǹkan gún un, ṣé àárín ọmọ ìka ti ń bó? Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ nu àárín ìka kọ̀ọ̀kan gbẹ. Ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó kì í bọ ẹsẹ̀, ẹrùpẹ̀ Kàdúná ò lópin. Egbò kékeré lásán, ọsibítù ni, kì í ṣe àgbo. Kẹ́ ẹ sì ní kí dókítà fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan àtẹ́lẹsẹ̀ yín kó fi wo bí ẹ ṣe ń mọ nǹkan lára sí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Pilates, bẹ́ẹ̀ ni, tí kò bá sí egbò. Ti orí àga àti ti ìdùbúlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wọ bàtà tó rọ̀ tó sì dì mọ́ ẹsẹ̀, ẹ má tẹ̀lé àwọn tó ń bọ́ bàtà. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ insulin lẹ ń gbà, ẹ wo ṣúgà yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí mínírà wà nítòsí bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù.

Ìbéèrè: Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa ní Gwarinpa, dókítà ní egungun ẹ̀yìn wọn ti ń fúyẹ́. Wọ́n fẹ́ bá mi lọ kíláàsì Pilates. Irú bàtà wo ni kí n rà fún wọn?

Ìdáhùn: Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ mú wọn lọ ra bàtà, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tí ilẹ̀ bá ń ṣú, bàtà àárọ̀ á fún wọn lálẹ́. Ẹ má béèrè sáìsì tí wọ́n ń wọ̀ látijọ́, ẹsẹ̀ ń fẹ̀ béèyàn ṣe ń dàgbà. Kó ní ìdìmú lẹ́yìn, kí àyè díẹ̀ sì wà níwájú àtàǹpàkò.

Ti kíláàsì, ẹ sọ ọ̀rọ̀ egungun yẹn fún olùkọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn tí egungun ẹ̀yìn wọn ti fúyẹ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ tí wọ́n á wá ká ara wọn sókè láti orí, ó lè fọ́ egungun ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ìdúró, lórí ẹ̀gbẹ́, àti gbígbé ìdí sókè lórí ẹní, ìyẹn ò burú bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i. Tí olùkọ́ yẹn bá ní kí Màmá sáà gbìyànjú kíká yẹn díẹ̀, ẹ gba owó yín kẹ́ ẹ máa lọ.