Tí ọmọ bá ka anthropology ní yunifásítì, iṣẹ́ wo ló lè fi ṣe?

Iṣẹ́ wà o, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Mo mọ̀ pé n'Ádó-Èkìtì níbí, tí ọmọ bá fẹ́ ka Law tí wọ́n wá fún un ní anthropology, gbogbo ilé ló máa dàrú. Ẹ̀kọ́ nípa ọmọ èèyàn ni anthropology, bí wọ́n ṣe ń gbé, bí wọ́n ṣe ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń sìnkú. Yunifásítì Ìbàdàn pa á pọ̀ mọ́ archaeology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun àtijọ́ tí wọ́n ń hú jáde nílẹ̀, ti Ifẹ̀ pa á pọ̀ mọ́ sociology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ.

Ti ìlera ló wù mí jù. Nígbà tí Ebola ń jà ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone ní 2014, ọ̀pọ̀ ló kó o níbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú, àwọn anthropologist sì wà lára àwọn tó lọ jókòó ti àwọn àgbà ìlú, tí wọ́n jọ wá bí wọ́n ṣe máa sin òkú tiyìtiyì láìfọwọ́ kàn án. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn?

NGO náà wà, mùsíọ́ọ̀mù wà, àwọn kọ́ńpìnnì náà máa ń gbà wọ́n kí wọ́n lọ wo bí kọ́sítọ́mà ṣe ń lo ọjà wọn gan-an. Tó bá fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì, àfi kó tún ka master's àti PhD.

Àmọ́ kó má dúró de sátífíkéètì o. Ọdún Ògún ń bẹ ní Ìrè-Èkìtì, kó lọ bá àwọn bàbá yẹn, kó béèrè ọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fi ẹnu Èkìtì sọ ọ́.