Kí ló ń fi dúdú sí ìsàlẹ̀ fọ́tò mi láti ìgbà tí mo ti ra strobe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí stúdíò kékeré kan n'Íbàdàn ni. Speedlight kan (fíláàṣì kékeré tí à ń fi sórí kámẹ́rà) ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, kò sì fún mi ní wàhálà rí. Mo wá ra strobe méjì (fíláàṣì ńlá ti stúdíò) àti trigger olówó pọ́ọ́kú tó ń sọ fún strobe pé kó tàn, ni fọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní dúdú gbọọrọ nísàlẹ̀. Tí mo bá dá shutter (ìwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà fi ń ṣí gba ìmọ́lẹ̀) padà sí 1/125 ìṣẹ́jú àáyá, dúdú náà á lọ. Àmọ́ àwọn oníjó kan fẹ́ wá ya fọ́tò, wọ́n ní kí n mú àwọn nígbà tí àwọn bá fò sókè. Ṣé 1/125 lè dá oníjó dúró ṣá? Àbí kí n ta speedlight mi, kí n fowó kún un, kí n ra strobe tó ní HSS, èyí tó ń jẹ́ kí fíláàṣì bá shutter tó yára ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire stúdíò tuntun. Má tíì náwó, má sì ta nǹkan kan. 1/125 á dá oníjó dúró, torí pé nínú stúdíò, shutter kọ́ ló ń dá ẹni tó ń fò dúró. Strobe ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ dúdú yẹn.

Nínú DSLR (kámẹ́rà tó ní dígí nínú) àti ọ̀pọ̀ mirrorless (èyí tí kò ní dígí), kọ́tìnì méjì ló wà níwájú sensor, ojú tó ń gba àwòrán. Tó o bá tẹ kámẹ́rà, ti àkọ́kọ́ á ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Tí àkókò bá tó, ìkejì á wá bò ó. Bí kọ́tìnì ṣe ń yára láti òkè dé ìsàlẹ̀ kì í yí padà, ohunkóhun tí ò báà fi shutter sí. Ìgbà tí ìkejì máa gbéra nìkan ni nọ́ńbà shutter ń yí padà. Ní 1/125, ti àkọ́kọ́ ti délẹ̀ kí ìkejì tó mira, gbogbo sensor á wà ní gbangba. Ní 1/500, ìkejì ti ń bọ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó débi tó ń lọ. Àlàfo tóóró kan ló kàn ń sáré kọjá lójú sensor, kò sí ìgbà kankan tí gbogbo rẹ̀ ṣí pọ̀.

Strobe ní tirẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Á kọ mọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ibi tí kọ́tìnì bá bò lásìkò yẹn kò ní rí i, òun ló di dúdú. Lẹ́ǹsì máa ń dorí àwòrán kodò sójú sensor, ìdí nìyẹn tí kọ́tìnì tó ti òkè bọ̀ fi ń bo ìsàlẹ̀ fọ́tò. Dá kámẹ́rà ró lóòró, wàá rí i pé dúdú náà á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Shutter tó yára jù tí sensor ṣì fi ń ṣí lódindi là ń pè ní sync speed. 1/180 ni ti Canon 6D, 1/200 ni ti 5D Mark III àti Nikon D750, 1/250 ni ti Nikon D850 àti Sony A7 III. Wá tìrẹ nínú ìwé tó bá kámẹ́rà rẹ wá.

O máa bi mí pé kí ló dé tí speedlight kò ṣe báyìí. Wo abẹ́ rẹ̀: ojú irin mélòó kan ló wà níbẹ̀, òun àti kámẹ́rà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Tí kámẹ́rà bá ti mọ̀ pé fíláàṣì wà lórí òun, kò ní jẹ́ kó o kọjá sync speed. Wá yí trigger rẹ náà dojú bolẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín, kámẹ́rà kò mọ̀ pé nǹkan kan wà lórí òun, á jẹ́ kó o lọ dé 1/4000 tó bá wù ọ́.

Trigger tún máa ń jẹ lára àkókò, torí ó ní láti fi rédíò ránṣẹ́ kí strobe tó gbọ́. Nítorí náà, kámẹ́rà tí ìwé rẹ̀ ní 1/200 lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ ní 1/200 gan-an. Tan strobe sí ògiri funfun, kó mọ́lẹ̀ dọ́gba lókè nísàlẹ̀, kó o yà á ní 1/125, 1/160, 1/200 àti 1/250. Orí kọ̀ǹpútà ni kó o ti wò ó o, ojú kámẹ́rà ti kéré jù. Níbi tí etí ìsàlẹ̀ bá ti ń ṣú, padà sẹ́yìn ẹyọ kan. Èmi kì í kọjá 1/160 ní tèmi.

Ó wá kan àwọn oníjó. Tí kò bá sí ìmọ́lẹ̀ míì nínú yàrá, òkùnkùn ni sensor ń wò kí strobe tó tàn, òkùnkùn náà ló ń wò lẹ́yìn tó bá kú. Kódà bí shutter bá ṣí fún odindi ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀nba ìgbà tí strobe fi tàn nìkan ni oníjó fi wà nínú fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ni Harold Edgerton, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT l'Amẹ́ríkà, ṣe ya ọta ìbọn tó ń la èso ápù kọjá ní 1964. Kò sí kọ́tìnì shutter tó yára tó ọta ìbọn.

Torí náà, pa trigger, fi kámẹ́rà sí nọ́ńbà tó o fẹ́ lò, kó o ya fọ́tò kan. Ó gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn biribiri. Tó o bá ṣì ń rí etí aṣọ nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń jò wọlé níbì kan. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ oníjó rí fírífírí, tí etí aṣọ funfun sì ń pọ́n nítorí gílóòbù. Bo fèrèsé, pa gílóòbù, dín modelling light (gílóòbù tó ń tàn lára strobe fúnra rẹ̀) kù.

Ibi tó ta kókó ni pé gbogbo strobe kọ́ ló ń yára kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tí à ń kì bọ ògiri, tó o bá dín agbára wọn kù, ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ wọn ń pẹ́ sí i. Àwọn tó ń lo IGBT (ẹ̀rọ tó ń gé iná fíláàṣì kúrò lójijì), àti speedlight, òdìkejì ni tiwọn. Speedlight Nikon SB-800 máa ń tàn fún 1/1050 ìṣẹ́jú àáyá ní agbára kíkún. Ní 1/128 agbára rẹ̀, ó di 1/41600. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o má ta speedlight rẹ. Ṣọ́ra fún nọ́ńbà t0.5 tí wọ́n máa ń kọ sára páálí strobe náà o. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì ju ìdajì lọ nìkan ló ń kà, kò ka ìrù tó kù tó ṣì ń ta sára oníjó. t0.1 ni kó o béèrè, èyí tó ń kà títí ìmọ́lẹ̀ á fi ku ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó sábà máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Strobe tó pe ara rẹ̀ ní 1/900 lè jẹ́ 1/300, ìyẹn kò sì lè mú ìka ọwọ́ oníjó dúró.

HSS ń fọ́ ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á máa tàn léraléra títí àlàfo kọ́tìnì yẹn á fi kọjá tán. Ó dáa níta, lóòrùn ọ̀sán, tó o bá fẹ́ ṣí ojú lẹ́ǹsì gbayawu sí f/2. Nínú stúdíò, agbára ló kàn ń fi ṣòfò.

Tó bá jẹ́ èmi, speedlight ni màá fi ṣe iná iwájú ní 1/16 agbára rẹ̀, màá sún un mọ́ oníjó dáadáa, màá fi kámẹ́rà sí ISO 800 (bí sensor ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó), f/5.6, shutter 1/125. Ara speedlight ni màá so ohun tó ń gbọ́ ti trigger mọ́. Strobe á wà lẹ́yìn, ògiri nìkan ni màá kọjú rẹ̀ sí. Tó bá lọ́ra, kò burú, ògiri kì í jó. Ọ̀pọ̀ strobe ló ní ojú kékeré tí wọ́n ń pè ní slave, tó bá ti rí fíláàṣì míì ló máa tàn. Tún ìdánwò òkùnkùn yẹn ṣe o, torí ISO 800 máa ń rí ohun tí ISO 100 kò rí. Tó bá sì jẹ́ mirrorless lò ń lò, tí fíláàṣì kọ̀ tí kò tàn rárá, lọ wò ó bóyá silent shutter (shutter tí kì í dún) ló wà ní títàn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í pe fíláàṣì tí silent shutter bá wà ní títàn.