Ṣé CA 19-9 lè sọ iye oṣù tó kù fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ páńkíríásì?

Ìbéèrè: Màmá mi ti pé ọdún 63. Ojú wọn ló kọ́kọ́ pọ́n, ìtọ̀ wọn dúdú, ara ń yún wọn, wọ́n sì rù gan-an. Àwòrán CT fi hàn pé kókó wà ní orí páńkíríásì (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù), wọ́n sì ti gé díẹ̀ yẹ̀ wò: jẹjẹrẹ ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ CA 19-9 jáde ní 1,840 U/mL, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kò yẹ kó ju 37 lọ. Ẹnì kan nínú ẹbí ní iye yìí túmọ̀ sí pé oṣù díẹ̀ ló kù. Ṣé òótọ́ ni? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo ló lè jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá, ẹ sì kú ìrọ́jú. 1,840 yẹn kò lè sọ iye oṣù tó kù fún ẹnikẹ́ni, pàápàá bí ojú wọn bá ṣì pọ́n nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mú ìwé àyẹ̀wò náà jáde. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "total bilirubin" sí (ìyẹn àwọ̀ inú òróòro tó ń mú kí ojú pọ́n), kí ẹ sì wo ọjọ́ tó wà lókè ìwé. Bilirubin ẹni tára rẹ̀ dá kì í sábà ju nǹkan bíi 20 µmol/L lọ. Bí ti màmá bá jẹ́ 150 tàbí 200 lọ́jọ́ yẹn, òróòro tó dí wà lára ohun tó gbé CA 19-9 ga bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan.

Ìdí rẹ̀ ni pé CA 19-9 kì í ṣe ohun tí jẹjẹrẹ nìkan ń ṣe. Ṣúgà kan ni, tó so mọ́ purotéènì àti ọ̀rá ara. Ara tó tẹ́ inú ọ̀nà òróòro àti inú páńkíríásì ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo wa, ó sì ń bá òróòro ṣàn lọ sínú ìfun. Kókó tó bá hù ní orí páńkíríásì a máa fún ọ̀nà òróòro pa níbi tí ọ̀nà náà ti gba ibẹ̀ kọjá. Òróòro á wọ́ padà, bilirubin á kún inú ẹ̀jẹ̀, CA 19-9 náà á sì bá a wọlé. Òkúta inú ọ̀nà òróòro, láìsí jẹjẹrẹ kankan, lè gbé e kọjá 1,000.

Bí kì í bá ṣe pé iṣẹ́ abẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n sábà máa ń ṣí ọ̀nà náà: wọ́n á ti ẹnu ki ẹ̀rọ bọ inú ìfun, wọ́n á sì fi ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń pè ní stent gba ojú ibi tó dí. Lẹ́yìn ìyẹn, bilirubin máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó wálẹ̀. Ìgbà tó bá wá sí abẹ́ 34 µmol/L (ìyẹn 2 mg/dL) ni kí ẹ ní kí wọ́n tún CA 19-9 ṣe. Iye tó bá jáde lọ́jọ́ yẹn ni ẹ lè máa fi ìyókù wé. Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé: bí ibà àti òtútù bá mú màmá lẹ́yìn stent, ẹ má fún wọn lóògùn ibà ẹ̀fọn kẹ́ ẹ sì máa wò wọ́n nílé. Kòkòrò lè ti wọ inú òróòro, ó sì lè gba ẹ̀mí láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí CA 19-9 bá ṣì ju 500 lọ nígbà tí bilirubin ti rọlẹ̀, àwọn oníṣẹ́ abẹ a máa fura pé àrùn náà lè ti tàn sí ibi tí CT kò rí. Àdéhùn tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣe ní 2017 ka iye yẹn sí ara ohun tó lè mú kí wọ́n kọ́kọ́ fi kímò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé abẹ. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, 90 ni iye tí ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, RTOG 9704, fi pín wọn: àwọn tí tiwọn kò ju 90 lọ lẹ́yìn abẹ pẹ́ láyé ju àwọn tí tiwọn jù ú lọ, ní ọ̀nà tó hàn kedere. Lẹ́nu kímò, bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Kó ti 900 bọ́ sí 300 dára ju kó dúró sójú 200 lọ. Bó bá fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kímò, ẹ má tíì pariwo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì wo CT.

Ohun kan wà tó kan àwa ènìyàn dúdú gan-an, tí wọn kì í sábà sọ fún aláìsàn. Ara kò lè ṣe CA 19-9 àfi bí ẹni náà bá ní jíìnì Lewis (ohun àjogúnbá kan) tó ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwé àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 6 nínú 100 aláwọ̀ funfun ni kò ní in, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 22 nínú 100 ni láàárín ènìyàn dúdú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ní kókó ńlá níkùn kí CA 19-9 rẹ̀ má ju 1 tàbí 2 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi irú èsì bẹ́ẹ̀ dúpẹ́. CEA àti CA 125, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì mìíràn fún jẹjẹrẹ, ni kí wọ́n fi máa tẹ̀ lé ìtọ́jú rẹ̀. Ti màmá yín kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí tirẹ̀ lè dé 1,840, ara rẹ̀ ń ṣe é, àyẹ̀wò náà yóò sì wúlò fún wọn bí ojú wọn bá ti mọ́. Nítorí pé òkúta òróòro lásán lè gbé e ga, tí ara ẹlòmíràn kò sì lè ṣe é rárá, kí àwọn ọmọ àti àbúrò tára wọn dá má lọ máa ṣe CA 19-9 láti fi wá jẹjẹrẹ. Owó àti ìpayà lásán ni yóò bí.

Ohun méjì mìíràn tí kò wọ́n, tí mo fẹ́ràn láti máa wò, ni albumin (purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀) àti CRP. CRP máa ń ga nígbà tí ara bá ń bá nǹkan jà lábẹ́lẹ̀. Wọ́n máa ń fi méjèèjì fún aláìsàn ní máàkì. Bí CRP kò bá ju 10 mg/L lọ, òdo ni máàkì. Bó bá ju 10 lọ, 1 ni. Bó bá ju 10 lọ tí albumin sì wà lábẹ́ 35 g/L, 2 ni, ẹni tó bá sì gba 2 ni àrùn náà sábà máa ń tètè dá gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibà ẹ̀fọn tàbí egbò lè gbé CRP ga, kí ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí ara wọn bá gbóná.

Nínú FBC (àyẹ̀wò tó ń ka sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀), wọ́n tún máa ń fi lymphocyte pín neutrophil, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun méjì: 72 sí 18 jẹ́ 4. Bó bá ju 5 lọ, kì í ṣe àmì rere. Àwọn òyìnbó ni wọ́n fi wá ààlà yẹn, bẹ́ẹ̀ neutrophil ọ̀pọ̀ ènìyàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kéré láti ìbí, láìsí àrùn kankan. Nítorí náà, iye kékeré kò fọkàn ẹni balẹ̀ bí ìwé ṣe wí. Dexamethasone tí wọ́n ń fún aláìsàn kí èébì má bàa gbé e lẹ́nu kímò náà máa ń da ìṣirò yìí rú.

Rírù màmá ní ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i. Bí ìgbẹ́ wọn bá ń léfòó, tó ní ọ̀rá, tó ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oúnjẹ wọn kò dà ni. Ẹ bi dókítà nípa kápúsù ẹ́ńsáìmù páńkíríásì. Wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 50,000 ẹyọ lipase (ẹ́ńsáìmù tó ń da ọ̀rá) pẹ̀lú oúnjẹ gidi, 25,000 pẹ̀lú ìpanu. Ìgbà tí wọ́n bá bu òkèlè àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gbé e mì, pẹ̀lú omi tútù. Bí wọ́n bá lò ó kí oúnjẹ tó dé tàbí lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, kò ní ṣiṣẹ́ tó.

Ní ti iye oṣù gan-an, bóyá wọ́n lè gé kókó náà kúrò ló ń sọ ọ́ ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Nínú ìwádìí ilẹ̀ Faransé tó jáde ní 2011 lórí àwọn tí tiwọn ti tàn káàkiri, ìdajì àwọn tó gba FOLFIRINOX, àpapọ̀ oògùn kímò kan, ló kọjá oṣù 11.1. Nínú èyí tó jáde ní 2018, lórí àwọn tí wọ́n ti gé tiwọn kúrò, tí wọ́n wá gba irú kímò kan náà, ìdajì kọjá oṣù 54.4. Ara wọn le ju ti ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ kí wọ́n tó wọ ìwádìí, ṣùgbọ́n ẹ wo bí àlàfo náà ṣe tó. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ gbé lọ bá oníṣẹ́ abẹ ni: ṣé kókó náà ti di iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mú, ṣé ó ti dé ẹ̀dọ̀?

Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò ní gbogbo ìgbà, nítorí ẹ̀rọ méjì lè fún ẹ̀jẹ̀ kan náà ní iye tó yàtọ̀ síra. Bí màmá bá ń lo oògùn irun àti èékánná tó ní biotin (fítámì kan tó lè da èsì rú), kí wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ 3 kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ ń kọ ọjọ́, CA 19-9, bilirubin, CRP àti albumin sí lórí ìlà kan náà, tẹ́ ẹ ó máa mú lọ bá dókítà ní gbogbo ìgbà.