Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Fóònù tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹni tó dúró sójú kan

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi gbé ààpù tó ń ka ìṣísẹ̀ sórí fóònù mi, nítorí dókítà ní kí n máa rìn dáadáa. Lọ́jọ́ Àìkú, mo fi fóònù náà sápò aṣọ mi, mo gúnyán, n kò sì kúrò nídìí odó. Nígbà tí mo máa wò ó, ó ti fi nǹkan bí 400 kún ìṣísẹ̀ mi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí dátà lórí rẹ̀ rárá. Ta ló ń bá a kà á? (Olùkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Pẹ̀lú iye tí ẹ sọ yìí, ó dá wa lójú pé iyán náà kò ní kókó. Fóònù yín kò nílò dátà láti ka ìṣísẹ̀, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni ohun tó ń kà á wà: ẹ̀rọ kan tó kéré ju èkánná ọmọ-ìka lọ, tí wọ́n ń pè ní accelerometer. Nǹkan tín-ín-rín kan tí wọ́n fi sílíkọ́nì ṣe ló so rọ̀ nínú rẹ̀, tó máa ń yẹ̀ díẹ̀ nígbàkígbà tí fóònù bá mì, bí èrò inú mọ́tò ṣe máa ń sún síwájú tí dírẹ́bà bá ṣàdédé tẹ bíréèkì. Ẹ̀rọ náà ń wọn yíyẹ̀ yìí lọ́nà mẹ́ta: òkè sí ilẹ̀, ọ̀tún sí òsì, iwájú sí ẹ̀yìn. Ara ẹni tó ń rìn máa ń lọ sókè, á tún wá sílẹ̀, ní déédéé, nǹkan bí ìgbà méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, irú ìmì bẹ́ẹ̀ sì ni ààpù ń wá. Ẹni tó ń gúnyán náà ń mì ní déédéé, fóònù kò sì mọ odó yàtọ̀ sí títì. Ẹni tó gun ọ̀kadà lórí ọ̀nà tó ti bàjẹ́ lè rí irú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí iye náà péye, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ kí ẹ tó mú ọmọ odó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò rò pé dókítà yín máa bínú sí iyán gígún.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé àwọn olùwádìí máa ń gba àkọsílẹ̀ ìpè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù láti mọ bí ènìyàn ṣe ń rìn káàkiri, àti pé wọ́n máa ń yọ orúkọ kúrò. Ṣé ìyẹn tó láti bo àṣírí ẹni? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Kò tó. Nígbàkígbà tí ẹ bá pe ènìyàn tàbí tí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ yín máa ń kọ àkókò náà sílẹ̀, pẹ̀lú màásì (òpó gíga ilé-iṣẹ́ fóònù) tó gbé ìpè yín. Màásì kan kò lè sọ ojúlé tí ẹ wà, àmọ́ ẹni tó bá to àwọn màásì náà tẹ̀ léra wọn yóò rí ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀. Ní ọdún 2008, Marta González, César Hidalgo àti Albert-László Barabási gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature, lórí 100,000 ènìyàn tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ fóònù wọn wo ìrìn wọn fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n rí i pé ibi díẹ̀ kan náà ni olúkúlùkù ń padà sí ṣáá. A rò pé à ń lọ káàkiri. Ilé, ibi iṣẹ́ àti ibi kan tàbí méjì mìíràn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ibi tí ewu wà nìyẹn. Ẹ fojú inú wo ẹnì kan tó wà ní Ọ̀jọ́ọ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó wà ní Bódìjà ní aago mẹ́jọ, tó wà ní Mọ́níyà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó sì wà ní Àpáta láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹni mélòó ní gbogbo Ìbàdàn ló tọ ipa yẹn gẹ́lẹ́? Yves-Alexandre de Montjoye àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò nínú àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù 1.5 ènìyàn láàárín oṣù 15, wọ́n sì sọ èsì rẹ̀ ní 2013: ibi mẹ́rin péré, pẹ̀lú wákàtí tí ẹni náà wà níbẹ̀, ti tó láti ya ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sọ́tọ̀ láàárín èrò. Ọ̀rẹ́ tó mọ ibi mẹ́rin tí ẹ ti wà kò nílò orúkọ yín mọ́ láti rí yín nínú àkọsílẹ̀ náà.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ fóònù ṣe yìí tilẹ̀ ti ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní? (Olùkàwé kan, London)

Ìdáhùn: Ó ti ṣe é. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Haiti ní oṣù Kìíní ọdún 2010, àwọn olùwádìí fi ìrìn káàdì SIM ṣírò iye ènìyàn tó ti sá kúrò ní Port-au-Prince àti ibi tí wọ́n forí lé. Ní Kẹ́ńyà, Amy Wesolowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àkọsílẹ̀ láti orí fóònù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 15 pọ̀ mọ́ àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tí ibà pọ̀ sí hàn, wọ́n sì rí i pé agbègbè adágún Victoria ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó kòkòrò ibà lọ sí Nairobi. Ẹ̀fọn kì í fò jìnnà. Ènìyàn ló ń gbé kòkòrò ibà náà wọ mọ́tò. Ìṣòro tí ó kù ni pé ẹni tí kò ní fóònù kò sí nínú ìṣirò náà, bẹ́ẹ̀ ni fóònù kan ṣoṣo tí tọkọtaya àti ọmọ jọ ń lò máa ń farahàn bí ẹnì kan.