Ilé yàrá mẹ́ta ní Ọ̀bà-Ilé: kí ẹ kó ayálégbé sí i ni, àbí kí ẹ tà á?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, tí ẹ fi lọ sí Àbújá yìí, yálà ẹ tà á ni o, yálà ẹ kó ayálégbé sí i ni o, ẹ má jẹ́ kó ṣófo pẹ́. Ikán á ti wọ férémù ilẹ̀kùn àti igi òrùlé, olè á sì fa wáyà iná yọ, á tú ẹ̀rọ omi lọ.

Kí ẹ tó ṣírò owó, ẹ gbé ìwé ilé síta ná. Ríṣíìtì àti sọ́fè (ìwé wíwọn ilẹ̀) nìkan kò tó ẹni tó fẹ́ san owó gidi. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí kò bá sí C of O (ìwé ẹ̀rí ìjọba lórí ilẹ̀), lọ́yà olùrà á yọ owó ìwé kúrò nínú iye tí ẹ ń pè, nígbà mìíràn olùrà á kàn sá ni. Tó bá jẹ́ ogún bàbá ni, olórí ẹbí nìkan ò lè dá a tà: bí àwọn àgbà ìdílé kò bá lọ́wọ́ sí i, wọ́n lè lọ fagi lé e ní kóòtù.

Owó wá ńkọ́? Ká ní wọ́n lè ra ilé náà ní mílíọ̀nù 30 náírà, kí owó ilé rẹ̀ sì jẹ́ 1,200,000 lọ́dún. Ẹ yọ 120,000 fún ẹni tó ń bá yín bójú tó o, 200,000 fún páànù, ọ̀dà àti kíkó soakaway, 100,000 fún oṣù kan tí ayálégbé kan ti lọ tí òmíràn ò tíì dé. 780,000 ló kù, kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé. Ẹni tó bá wo èyí nìkan á tà á. Àmọ́ bí náírà ṣe ń já ni ilé ń gbówó lórí, owó tó sùn sí báǹkì ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì mọ iṣẹ́ tí owó náà máa ṣe lọ́jọ́ tó bá wọlé, ẹ má tà á. Bùkátà ẹbí nìkan tó láti jẹ owó náà tán.

Ẹ má pín in sí self-contain (yàrá kan tó ní ilé ìgbẹ́ tirẹ̀) nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA. Apá ibòmíràn ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ń gbé, pípín ilé bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí soakaway tètè kún. Ìdílé kan ni kí ẹ fi sí i. Ẹ má sì gbé ìbátan sí i lọ́fẹ̀ẹ́, lílé rẹ̀ jáde le ju ti àjèjì lọ.

Ayálégbé tó ń san owó ọdọọdún, bí ẹ bá fẹ́ kó kó jáde, ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i bí àgíríménì kò bá sọ nǹkan mìíràn, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje pé ẹ fẹ́ lọ gba ilé yín ní kóòtù, kóòtù ló wá kàn. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ oṣù mẹ́ta sínú àgíríménì látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gba mítà tí wọ́n ń ra káàdì sí kó tó wọlé, torí ọrùn ilé ni gbèsè iná máa ń dúró sí bí ayálégbé bá ti kó lọ. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá lọ́jọ́ tí ẹ bá fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí owó ilé sì máa wọ àkáǹtì yín tààrà, kó má gba ọwọ́ alámòójútó kọjá.