Ìlera Yín: Ṣúgà 6.7 àbí 121, Èwo Ni Ká Gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ń tajà ní Òkè-Ajé. Wọ́n tọ wọ́n níka ní kẹ́míìsì láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, ṣúgà wọn jẹ́ 121. Lọ́jọ́ kejì, lábù kọ 6.7. Ẹnì kan ní àtọ̀gbẹ ni, ẹlòmíràn ní kò sí nǹkan kan. (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Ọ̀kan náà ni méjèèjì. Kẹ́míìsì fi òṣùwọ̀n mg/dL ka tiẹ̀, lábù fi òṣùwọ̀n mmol/L. Ẹ sọ 6.7 di ìlọ́po 18, ẹ ó rí 120.6.

Láti 126 (7.0) ni wọ́n ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ, fún ẹni tí kò jẹun fún wákàtí 8 ó kéré tán, omi lásán kò bà á jẹ́. Màmá kò tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní kò sí nǹkan kan náà ṣì wọ́n lọ́nà: 110 sí 125 ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ààlà yìí kò sì tọ̀run wá. Títí di 1997, 140 ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fà á wálẹ̀ torí àìsàn ojú tí àtọ̀gbẹ ń fà ti ń hàn lára àwọn tí ṣúgà wọn kò tó 140.

Bí ààlà bá ṣe ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ń mú àwọn tó ní àrùn sí i, tó sì ń mú aláìlárùn mọ́ wọn. Ká ní ènìyàn 1,000 ló ṣe àyẹ̀wò kan, tí 50 nínú wọn ní àrùn. Àyẹ̀wò náà ń rí 90 nínú 100 tó ní i, ó sì ń purọ́ mọ́ 10 nínú 100 tí kò ní i. Á rí 45, á sì purọ́ mọ́ 95! Ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un ṣe kí a tó sọ fún ẹni tí kò ní àmì kankan pé ó ní àtọ̀gbẹ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ ìka sì lè fi 15 nínú 100 lé tàbí kó fi dín, kí wọ́n ṣì kà á sí ẹ̀rọ tó dáa. 121 yẹn lè jẹ́ bíi 105, ó lè jẹ́ bíi 142. Ẹni tó ti mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ ni kó máa fi ṣọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ṣúgà sí gàrí, tí wọn ò fọ̀, á gbé nọ́ńbà sókè.

Kí Màmá padà sí lábù. Inú ìgò tí ìdérí rẹ̀ ní àwọ̀ eérú ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ apá wọn sí. Oògùn inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ ṣúgà náà. Bí ó bá pẹ́ nínú ìgò lásán nínú ooru, nọ́ńbà á wálẹ̀ lásán. Bí wọ́n bá ní HbA1c ni (àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí lára láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta hàn), 6.5% ni ààlà tirẹ̀, àmọ́ kò ṣeé gbára lé fún ẹni tó jẹ́ SS, torí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í pẹ́ lára.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ti lo oògùn ibà tán, ara ti yá, àyẹ̀wò onílà ṣì ń fi ìlà méjì hàn. Ṣé ibà ò lọ ni? (Òǹkàwé, Ìkẹ́nnẹ́)

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó ti lọ. Èròjà HRP2 tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àyẹ̀wò onílà ń wá, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ẹ má tún oògùn rà. Bí ara rẹ̀ bá tún gbóná, kí lábù fi maikirosíkópù wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.