Bí device_register() bá kùnà, ta ló ní kó o pe kfree()?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo kọ dráífà Linux fún ẹ̀rọ kékeré kan tí à ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí device_register(), tó ń forúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ kernel (ọkàn Linux), bá kùnà nígbà tí mo ki okùn bọ̀ ọ́, kmemleak, irinṣẹ́ tó ń ṣọ́ mẹ́mọ́rì tí a kò dá padà, máa ń ní mẹ́mọ́rì ń jò, bẹ́ẹ̀ mo pe kfree() lójú ẹsẹ̀ láti dá a padà. Ẹnì kan ní kí n pe put_device() ṣáájú kfree(). Mo ṣe bẹ́ẹ̀, kernel kú. Ibo ni kí n wá gbé kfree() náà sí?

Ìdáhùn: Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá, àbúrò.

Ìbéèrè yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi, àmọ́ mo mọ ibi tó ti ń wá. Wọ́n kọ́ gbogbo wa pé bí iṣẹ́ bá kùnà, kí oníkálukú dá mẹ́mọ́rì tó gbà padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni, títí dìgbà tó o bá pe device_register().

Ohun tó ń ṣì yín lọ́nà ni pé ẹ rò pé ìforúkọsílẹ̀ tó kùnà kò tíì ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú device_register(): ó kọ́kọ́ ń pe device_initialize(), ó wá ń pe device_add(). Ti àkọ́kọ́ kì í kùnà, òun ló sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọwọ́ tó di device náà mú (reference count). Ó ti di 1, ọwọ́ tìrẹ sì ni. Èkejì ló ń kùnà. Nígbà tó o bá fi máa rí àṣìṣe bíi -ENOMEM (mẹ́mọ́rì kò sí) tàbí -EEXIST (ó ti wà tẹ́lẹ̀), device ti wà láàyè, put_device(), tó ń yọ ọwọ́ kan kúrò, nìkan ló lè sin ín. Bí iye ọwọ́ bá di 0, kernel á pe release, iṣẹ́ ìkádìí tí ìwọ fúnra rẹ kọ. Inú release yẹn ni kfree() ń gbé.

Kí ló wá ń jò? Orúkọ ni. O ti pe dev_set_name() kó o tó forúkọ sílẹ̀, kernel sì gba mẹ́mọ́rì ọ̀tọ̀ fún orúkọ yẹn. Nígbà tó o pe kfree(), ara lọ, orúkọ kù, kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà mọ́. Ṣí /sys/kernel/debug/kmemleak kó o wo apá ọ̀tún níbi tó ti to àwọn báìtì: wàá ka orúkọ device rẹ níbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó gbà ọ́ nímọ̀ràn mọ ìdajì ọ̀rọ̀. put_device() ti mú kí release dá mẹ́mọ́rì padà, ìwọ tún dá a padà lẹ́ẹ̀kejì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

```
err = device_register(&g->dev);
if (err) {
        dev_err(parent, "%d\n", err);
        put_device(&g->dev);
        return err;
}
```

Lẹ́yìn put_device(), má fọwọ́ kan g (mẹ́mọ́rì tó o gbà fún ẹ̀rọ rẹ) mọ́, ì báà ṣe láti fi tẹ àṣìṣe jáde. Ìdí tí mo fi lo parent, ìyẹn device òbí rẹ̀, nìyẹn.

Jọ̀ọ́, má kọ release òfìfo torí kí kernel má bàa pariwo pé o kò ní ọ̀kan. Owú lo ń fi dí etí yẹn, mẹ́mọ́rì á ṣì máa jò. Bákan náà ni ibi tí wọ́n ti ń fa okùn yọ: device_unregister() ti ń pe put_device() fún ọ, má fi kfree() kún un.

Mi ò rí gbogbo kóòdù rẹ o, kò sì jẹ́ pé ibi gbogbo ló rí báyìí. Bí input_register_device(), tó wà fún ẹ̀rọ bíi kíbọọ̀dù, bá kùnà, input_free_device() lò ń pè. Ka àkíyèsí tó wà lórí ohunkóhun tó o bá fẹ́ pè. Ti device_register() nínú drivers/base/core.c sọ ọ́ gbangba pé kó o má ṣe dá a padà fúnra rẹ láé, kódà bó bá kùnà.

Inú QEMU, kọ̀ǹpútà àfarawé, ni kó o ti dán an wò, má ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tó o fi ń jẹun. Tan KASAN (tó ń ké bí o bá lo mẹ́mọ́rì tó ti lọ) àti CONFIG_DEBUG_KOBJECT_RELEASE (tó ń mú kí release falẹ̀), kó o fi failslab, tó ń mú kí gbígba mẹ́mọ́rì kùnà, mú kí ìforúkọsílẹ̀ kùnà. Bí KASAN bá ṣì ké, fi gbogbo ohun tó kọ ránṣẹ́ sí mi. Má fi fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́.